Orúkọ Tí Ìyá Mi Kò Lè Fẹnu Pè

Aṣọ funfun kan wà tí ìyá mi fi ń wé Kùránì wọn. Ó ti pẹ́ débi pé ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Bí oòrùn àárọ̀ bá gba ojú fèrèsé wọlé, tó sì bọ́ sórí rẹ̀ níbi tó wà lórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, ó máa ń dà bíi pé inú aṣọ náà gan-an ni ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde. Ní igun rẹ̀ kan, ẹnìkan ti fi òwú pupa rán àmì kékeré kan tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìgbín ni mo pè é. Mo máa ń fi ìka tọ ìkarahun ìgbín náà yípo, yípo, títí oorun á fi gbé mi lọ.

Mo ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún báyìí, mo sì ti mọ̀ pé kì í ṣe ìgbín. Ojú mi ti wà lára rẹ̀ láti kékeré, síbẹ̀ ọdún tó kọjá ni mo tó mọ ohun tó jẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré.

Èmi àti ìyá mi jọ ń gbé inú fúláàtì káńsù kan ní Peckham, nílùú London. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ṣe ní ilé-ìwòsàn kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn orúkọ tí mò ń kọ sára fáìlì lójoojúmọ́ ló sì kó sí mi lórí. Màá rí orúkọ ará Pólàǹdì, màá rí ti ará Sòmálíà, màá rí ti ará Pọtogí, ara mi kò sì ní balẹ̀ àfi bí mo bá mọ ohun tó túmọ̀ sí àti ọ̀nà tó gbà dé. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Láíbìrì ni mo ti ń kàwé, ohun tí mo bá sì rí, màá kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n báyìí. Ìkẹrin, tó ní èèpo búlúù, ni ti àwọn orúkọ Faransé. Òun ló nípọn jù. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé, màá ní mi ò mọ̀.

Nígbà ìrúwé ọdún tó kọjá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé ní New Cross, bí ọmọ. Igi tó wà níwájú ilé wa ti tanná funfun kó tó yọ ewé, atẹ́gùn sì ń gbọn òdòdó rẹ̀ sórí àwọn mọ́tò. Mo sáré wọ yàrá ìyá mi.

"Mummy, ọmọ ti dé o! Obìnrin ni."

Ìyá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún dáadáa, etí wọn kò sì gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ìyẹn. Wọ́n ní, "Alihamudulilahi." Lẹ́yìn náà ni wọ́n nawọ́ gbé Kùránì wọn, wọ́n sì tú aṣọ funfun náà kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn.

"Orúkọ Mádàámù ni ọmọ yìí máa jẹ́," ni wọ́n wí. "Mo ti ṣèlérí."

"Mádàámù wo?"

"Mádàámù wo lo tún mọ̀? Tìẹ náà ni. Ará Faransé, ti Nunhead. Ọjọ́ tí mo wá mú ẹ kúrò lọ́dọ̀ wọn ni mo sọ fún wọn pé obìnrin kan nínú ilé mi á jẹ́ orúkọ wọn."

Mo jókòó sétí ibùsùn. "Ó dáa náà. Kí lorúkọ wọn?"

Ìyá mi wò mí bíi pé mo gbá wọn létí. "Ṣé ẹgbẹ́ mi ni wọ́n ni, tí mo fi máa mọ orúkọ wọn?"

Nígbà tí wọ́n bí mi, ìyá mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bàbá mi ń kàwé, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì háyà. Onílé wọn ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò gba ọmọ ọwọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á gbé ọmọ fún òyìnbó kan láti bá wọn tọ́jú, wọ́n á sì máa lọ wò ó lọ́jọ́ tí wọn kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi rí káàdì kan lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ní Nunhead: obìnrin kan ń wá ọmọ tí yóò máa tọ́jú. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni mo jẹ́ nígbà tí wọ́n gbé mi débẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n pé ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà tí mo kúrò.

Obìnrin náà kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ wọn, òṣìṣẹ́ rélùwéè kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló fẹ́ wọn wá láti Faransé lẹ́yìn ogun. Wọn kò bímọ. Mádàámù ni ìyá mi ń pè wọ́n. Èmi ń pè wọ́n ní Mémé, bí àwọn ọmọ Faransé ṣe ń pe ìyá àgbà.

Ohun tí mo rántí kò pọ̀, wọn kò sì tò tẹ̀ léra wọn. Wọ́n dà bí ohun tí èèyàn rí lábẹ́ omi. Abọ́ kan wà tí kò létí, tí Mémé máa ń bu mílíìkì gbígbóná sí, wọ́n á kán kọfí díẹ̀ sí i kó lè láwọ̀, èmi á sì máa ki búrẹ́dì bọ inú rẹ̀. Èèpo ọsàn máa ń gbẹ lórí sítóòfù. Bí wọ́n bá ń lọ aṣọ, èéfín omi gbígbóná á bo gbogbo kíṣìnì, á funfun bí òwú, Mémé á wà nínú rẹ̀, wọ́n á máa kọ orin tí kò lọ́rọ̀ nínú. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà tí aṣọ funfun kún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìgbín pupa kan sì wà ní igun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Lọ́sàn-án, wọ́n á fa kọ́tìnnì, yàrá á wá ní àwọ̀ bíi ti tíì tí oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Màá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé pílò. Ìgbín á wà níwájú ojú mi. N kò mọ ìgbà kan rí tí oorun dé.

Ọjọ́ Àìkú ni ìyá mi máa ń wá. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń kúnlẹ̀. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ìyá mi sọ fún mi, "Mádàámù rò pé ẹsẹ̀ ló yẹ̀ mí. Wọ́n sáré dì mí mú nígbọ̀nwọ́ méjèèjì, wọ́n gbé mi dìde, wọ́n ní ṣé kò dùn mí." Láti ọjọ́ náà, bí àwọn méjèèjì ṣe ń kí ara wọn nìyẹn ní ojú títì Nunhead: ọ̀kan á kúnlẹ̀, èkejì á gbé e dìde.

Mádàámù fi bí ogún ọdún ju ìyá mi lọ. Nínú ilé tí ìyá mi ti wá, èèyàn kì í pe orúkọ ẹni tó jù ú lọ, kì í sì í béèrè rẹ̀, pàápàá jù lọ bó bá jẹ́ ẹni tó ń bá a tọ́mọ. Nígbà tí a padà sí Abẹ́òkúta tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí Mádàámù, ohun tí wọ́n ń kọ sára àpòòwé ni Mísíìsì, lẹ́yìn náà lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ọkọ, lẹ́yìn náà orúkọ ìdílé ọkọ. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà yẹn nìyẹn. Kò sí ihò kankan tí orúkọ obìnrin náà fúnra wọn lè gbà yọjú. Nígbà tó yá, èsì kò wá mọ́. Nígbà tí mo fi padà sí London, tí èmi náà ti di ìyá ọmọ, ẹlòmíì ló ń gbé inú ilé náà.

"Nígbà tí mo bí ọmọ mi ńkọ́?" ni mo bi ìyá mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. "Ṣebí obìnrin lòun náà. Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

"Ojú ń tì mí. Kí n dìde láàárín èèyàn, kí n ní mo fọmọ lórúkọ, kí wọ́n ní kí ni, kí n ní mi ò mọ̀ ọ́n? Mo ní òmíì á dé." Wọ́n ń fi ọwọ́ pa aṣọ náà lórí itan wọn. "Òmíì ti dé báyìí. Èmi ni mi ò mọ̀ bóyá mo máa rí òmíì lẹ́yìn èyí."

Wọ́n sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé ó jọ pé òjò máa rọ̀ lọ́la. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni ìsọmọlórúkọ.

Mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ wọn, mo gbé e lọ sójú fèrèsé, mo sì fi awò tí mo fi ń ka lẹ́tà wínníwínní wo ìgbín mi. Òwú tó gba orí ara wọn kọjá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àmì ìlọ́po. Lẹ́tà G ni. Àṣà ni láàárín àwọn obìnrin Faransé àtijọ́ pé kí ọmọbìnrin fi òwú pupa rán lẹ́tà orúkọ rẹ̀ sí gbogbo aṣọ tí yóò gbé lọ sílé ọkọ, kí wọ́n má baà pàrọ̀ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ. Mo ti kọ ìyẹn sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi kẹrin ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo kọ ọ́, mo fà á nílà, mo pa ìwé dé, mo sì lọ kí ìyá mi níbi tí wọ́n ti ń ka Kùránì.

G nìkan kò tó. Ó lè jẹ́ Germaine, tó wá láti inú Látìn, tó ń tọ́ka sí ọmọ ìyá ẹni. Ó lè jẹ́ Geneviève, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jà lé lórí: àwọn kan ní obìnrin inú ìdílé ló túmọ̀ sí, àwọn kan ní kò dá àwọn lójú. Georgette lọ sínú èdè Gíríìkì, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀. Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ọ́ fáwọn èèyàn. Àlùfáà wa, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń sọ ọmọ àwọn ará wa lórúkọ, gbọ́ Gabrielle lórí fóònù, ó sì kígbe.

"Gabrielle kẹ̀? Jibirílù nìyẹn! Orúkọ màláíkà! Aunty, ẹ má wá a mọ́, ẹ ti rí i."

"Alfa, mi ò tíì rí i."

"Ẹ ti rí i. Ẹ ò mọ̀ ni."

Ọmọ mi ní tòun, Geneviève ló wọ òun lójú. "Ó cute, Mum. A lè máa pè é ní Evie."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Nunhead. Ilé náà ṣì wà láàárín àwọn ilé tó so kọ́ra, wọ́n ti kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Kò sẹ́ni nílé. Ṣùgbọ́n ní òdìkejì ojú títì, ìyá àgbà ará Jàmáíkà kan jókòó sórí àga níwájú ilé wọn, wọ́n ń yá oòrùn. Mo kí wọn, mo sì sọ ohun tí mo bá wá. Wọ́n wò mí títí.

"Ìwọ lọmọ kékeré yẹn? Èyí tó máa ń já èso kọ́ráǹtì jẹ nínú ọgbà mi?"

Ó ya mí lẹ́nu. Mo ní, "Èmi ni, mà."

"Tóò. Mo ṣì ń retí kí o wá tọrọ àforíjì."

Mo tọrọ àforíjì. Inú wọn dùn gan-an. Mo wá béèrè orúkọ Mémé.

"Mísíìsì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọkọ wọn ń pè wọ́n ní olólùfẹ́. Orúkọ gan-an?" Wọ́n mi orí. "Mo lọ síbi ìsìnkú wọn. Fádà pe orúkọ náà, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá bí ẹyẹ. Lọ wo ìtẹ́ òkú ní Brockley. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n wà, àwọn méjèèjì."

Òjò rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ọjọ́ Àìkú ni mo lọ, mo sì mú ìgò omi kan àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọbàtà dání. Koríko ìtẹ́ òkú náà ga dé orúnkún mi, ó tutù, àwọn igi sì ń kán omi sílẹ̀ lẹ́yìn tí òjò ti dá. Mo rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún bíi wákàtí kan. Ó dà bíi pé mo tún wà nínú èéfín kíṣìnì yẹn, pé bí mo bá na ọwọ́, màá kan etí yẹ̀rì Mémé. Mo rí orúkọ ọkọ. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ "àti ìyàwó rẹ̀" ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ìyẹn ewédò tó hù sára òkúta ti bo ohun tó kù. Mo da omi sí i. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, láti apá ọ̀tún wá sí apá òsì, nítorí mo fẹ́ kí ìgbín gbẹ̀yìn.

Gisèle.

N kò nílò ìwé. Mo mọ ojú ewé tó wà. Orúkọ náà kì í ṣe Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn Faranki, ẹ̀yà tí ilẹ̀ Faransé ti gba orúkọ, ló gbé e wá, èdè wọn sì tan mọ́ ti àwọn ará Jámánì. Gisil ni gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn akọ̀wé Látìn sọ ọ́ di Gisela, ahọ́n Faransé sì pọ́n ọn títí ó fi di Gisèle. Àmì orí E yẹn jọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn ló ń sọ: ó ń la ẹnu E ni, kó lè dún bí Ẹ wa. Àwọn díẹ̀ ní gbòǹgbò náà tan mọ́ igi ọfà. Èyí tí ọ̀pọ̀ ìwé fara mọ́ ni pé ẹni tí a fi dógò ló túmọ̀ sí.

Nígbà náà, bí ọba méjì bá jà tí wọ́n sì fẹ́ parí rẹ̀, ọ̀kan lè mú ọmọ inú ara rẹ̀ lọ fún èkejì, kó máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọn kì í dè é. Wọ́n á máa bọ́ ọ, á kọ́ èdè wọn, á sùn lórí ibùsùn wọn. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ni àdéhùn náà so kọ́. Ìtàn kan tilẹ̀ sọ pé ọmọ ọba Faransé kan tó ń jẹ́ orúkọ yìí ni wọ́n fi fún olórí àwọn jàǹdùkú orí òkun láti fẹ́, kí wọ́n lè yéé jó ìlú. Àwọn onítàn kan ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ náà kò tilẹ̀ sí rí. Mo ti kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Mo dúró níwájú òkúta náà, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ìbànújẹ́ díẹ̀ sì wọ inú ìdùnnú mi. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo la máa wò tí a fi máa sọ ọmọ ní Ìdógò?

Mo gba ibẹ̀ lọ sí New Cross. Ọmọ mi gbé ọmọ sí àyà, ó gbọ́ mi dópin.

"Mum. Hostage?"

"Kì í ṣe hostage bíi ti inú fíìmù."

"Ọmọ ọjọ́ mẹ́fà, ẹ fẹ́ kí n pè é ní hostage. Kí n wá máa ṣàlàyé ẹ̀ fún un tó bá dé school."

"Láyé ìgbà yẹn, ọmọ pàtàkì ni wọ́n..."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń sọ pé orúkọ ń ro ọmọ! Ẹ̀yin, Mum. Literally ojoojúmọ́, látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mi ò lè ṣe é. Ẹ bá mi bẹ Grandma."

Òótọ́ ló sọ. Mo lè sọ fún un pé igi ọfà ni, á gbà. Ó wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi kò gbà á gbọ́, n kò sì fẹ́ kí a fi ohun tí mo ṣà nínú ìwé nítorí pé ó rọrùn sọmọ lórúkọ.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ìyá mi kírun Àsárì tán, mo jókòó tì wọ́n, mo sì fi fọ́tò òkúta náà hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n wò ó fìrí, wọ́n sì da ojú fóònù dé orí itan wọn, bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá àgbà nínú balùwẹ̀.

"Ìwọ kà á fún mi."

Mo kà á. Ètè wọn mì díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kò jáde. Mo wá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn, mo sọ ohun tí ọmọ mi wí, n kò fi bò. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti kúrò lórí Kùránì, ó ti dé orí ilẹ̀.

"Fi dógò," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ tí mo gbé ẹ lọ, Mádàámù ò kọ́kọ́ fẹ́ gbà ẹ́. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé àwọn ìyá kan ń gbọ́mọ sílẹ̀, wọn ò ní padà wá mọ́. Wọ́n ní báwo làwọn ṣe máa mọ̀ pé mo máa padà? Gẹ̀ẹ́sì ò tíì yọ̀ lẹ́nu mi nígbà yẹn. Mo ní, 'Mádàámù, òun nìkan ni mo ní. Òun ni mo fi sílẹ̀ yìí.' Ó yé wọn. Ìwọ ni mo fi dógò."

"Ẹ sì padà wá."

"Mo padà wá. Ọjọ́ tí mo wá mú ẹ, Mádàámù ò sunkún. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n bọ́ aṣọ ara pílò rẹ, wọ́n kó o lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá mú ẹ wá kí àwọn ni kí n dá a padà." Wọ́n tẹ́ ọwọ́ lé aṣọ náà. "Èmi ni mo kọ́kọ́ fi ọmọ sílẹ̀. Àwọn náà wá fi aṣọ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní mo máa mú ẹ wá, mo ní ọmọ á jẹ́ orúkọ wọn. Ìlérí méjì. Mo gbé aṣọ kọjá òkun, mo gbé e padà, mi ò rí wọn mọ́."

N kò mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé ohun ìdógò ni aṣọ tí mo ti ń sùn lé lórí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, èmi ni mo wẹ ọmọ fún ọmọ mi ní New Cross. Mo fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀ sókè nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi bí mo ṣe ń bu omi sí i lẹ́yìn. N kò bẹ̀bẹ̀. Mo kàn sọ ọ́. Ọmọ mi dúró tì mí, ó di táwẹ̀lì mú. Nígbà tí mo gbé ọmọ fún un, ó wé e, ó sì fi imú kan orí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

A kò pọ̀ ní pálọ̀: ọkọ ọmọ mi àti àwọn òbí rẹ̀, ìyá mi lórí sófà, Alfa pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀. Ó ṣe àdúrà, ó pe orúkọ mùsùlùmí ọmọ. Àwọn òbí ọkọ sọ tiwọn. Ó wá kan ìyá mi.

"Mo fún un lórúkọ," ni ìyá mi wí, wọ́n sì dúró síbẹ̀.

A retí. Bọ́ọ̀sì kan kọjá lójú títì.

"Ìyá, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀," ni Alfa wí, "a ò gbọ́."

"Kò sí ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́. Mi ò tíì sọ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún la ẹnu, wọ́n pa á dé. "Orúkọ ẹni tó jù mí lọ ni, Alfa. Ẹnu mi ò lè gbé e." Wọ́n sì yíjú sí ọmọ mi.

Ọmọ mi wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo aṣọ funfun tó wà lórí itan ìyá mi.

"Gisèle," ló wí, ó sì la ẹnu Ẹ náà dáadáa.

"Kí ló túmọ̀ sí?" ni Alfa béèrè.

Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Faranki. Ọmọ mi yára jù mí.

"Ọmọ tí ìyá ẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíì," ló wí, "kí wọ́n lè mọ̀ pé ó máa padà wá."

Alfa ronú, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Àmáná nìyẹn. Ohun tí wọ́n fi síni lọ́wọ́ pé ká bá wọn tọ́jú. Kò burú. Kò burú rárá." Ó wá rọ ohùn sílẹ̀ sí mi létí: "Gabrielle náà ì bá dáa o, Aunty."

Ìyá mi ti ń gbìyànjú láti kúnlẹ̀. Orúnkún wọn kò gbà. Ọmọ mi gbé ọmọ fún mi, ó sáré di ìyá mi mú nígbọ̀nwọ́ méjèèjì, ó sì gbé wọn dìde. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ìyá mi dúró báyẹn, wọ́n tẹ́ aṣọ náà sábẹ́ orí ọmọ tó wà lápá mi, wọ́n sì tẹrí ba fún un.

"Mádàámù," ni wọ́n wí, "aṣọ yín rèé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́."

Ọmọ náà yán.

Ọdún kan ti lé díẹ̀ báyìí. Gèlè àtijọ́ kan ni ìyá mi fi ń wé Kùránì wọn. Bí wọ́n bá gbé ọmọ wá sí Peckham, wọn kì í pè é lórúkọ, wọn kì í sì í sọ ìwọ sí i. "Mádàámù, ṣé ẹ ti jẹun? Mádàámù, ẹ ti da omi yín nù." Lọ́sàn-án, mo máa ń fa kọ́tìnnì fún un, màá sì tẹ́ aṣọ náà sórí pílò. Á dùbúlẹ̀, á fi ìka kékeré kan wá àmì pupa náà kàn, á máa tọ̀ ọ́ yípo, yípo. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ títí á fi sùn. N kò tíì sọ fún un pé kì í ṣe ìgbín.